Orogún Tó Fẹ́ẹ̀ Pa Àwẹ̀ró

Ilẹ̀kùn ò ṣí.

Sìfáwù tì í láti ìta, Àwẹ̀ró fà á láti inú, ilẹ̀kùn ò mira. Gíláàsì tó wà láàárín rẹ̀ ò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ojú ihò yẹn ni Àwẹ̀ró ti rí ìdajì ojú orogún rẹ̀, gèlè pupa tó wé gbàgẹ̀rẹ̀, àti kúlà òlèlè tó gbé sápá bí ẹní gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

“Ìyakọ!” Àwẹ̀ró kígbe mọ́ ògiri. “Ṣílẹ̀kùn fún èèyàn o, òlèlè ń tutù!”

Olùtọ́jú ni ìjọba sọ ohùn inú ògiri yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àwẹ̀ró ka hóró iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni ìyá náà ti sọ ọ́ ní Ìyakọ. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ òun ti kú, òun ò tíì rí ẹlòmíràn tó ń yọjú sí ìkòkò ọlọ́bẹ̀ báyẹn.

“Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ fara balẹ̀,” Ìyakọ dáhùn. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. “Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ẹni tó fẹ́ pa yín. A ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò séwu.”

“Ẹni tó fẹ́ kín ni?”

“Ẹni tó fẹ́ pa yín.”

“Sìfáwù? Sìfáwù tí kì í lè pa adìẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bẹ adìẹ? Ta ló sọ ìsọkúsọ yẹn fún ọ?”

“Ẹ̀yin ni.”

Ohùn Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ bá jáde látinú ògiri, ó há, ó ń mí gúlegúle: “Yéè, mo gbé! Sìfáwù, o fẹ́ẹ̀ pa mí! Ìyàwó yìí fẹ́ẹ̀ pa mí o!” Ikọ́ ló tẹ̀ lé e. Ikọ́ gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì.

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu. “Lẹ́rìn-ín ni! O fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni mo wí! Ẹ̀rín ló há mi lọ́fun tí mi ò fi sọ ọ́ tán. Ìwọ ò gbédè ni?”

“Nígbà tí ẹ sọ ọ́, òkè yín dé mẹ́rinlélọ́gọ́sàn-án. Ìró kẹta nìyẹn lórí orúkọ kan. Ìró mẹ́ta, orúkọ kan, ẹ̀rí ẹnu aláìsàn. Ohun tí Òfin Ìfàyàbalẹ̀ ń fẹ́ kó tó yọ èèyàn síta ti pé. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì wá fi èdìdì dì í.”

Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ Àwẹ̀ró fún un pinpin, ó sì tú u sílẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí nìyẹn, àti nígbàkígbà tó bá fura. Nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru méjì yọ lójú rẹ̀, àádọ́sàn-án lórí ọgọ́rùn-ún. Òkè ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń pe ìkejì. Gbogbo arúgbó tí ìjọba ń tọ́jú ní Ilé Ìtura yìí ló mọ òkè ara wọn ju orúkọ ọmọ wọn lọ. Bí wọ́n bá rí ara wọn lójú gíláàsì, wọn ò kí ara wọn ní ẹ kú àárọ̀ mọ́. Wọ́n á kàn tọ́ka sí ọrùn ọwọ́: òkè yín ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bi á sì gbé tiẹ̀ sókè fún wọn wò. Bí òkè bá kọjá ọgọ́sàn-án nígbà tí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ ẹni, ìró á dún, ògiri á sì kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀.

Sìfáwù ń sọ̀rọ̀ níta, ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn ò wọlé. Ó tọ́ka sí kúlà, ó tọ́ka sí ẹnu, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: kí ló dé? Àwẹ̀ró gbá àyà, ó mi orí, ó tọ́ka sí ògiri, ó wá fi ìka yí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ po: wèrè ni. Sìfáwù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín obìnrin náà, tí wọ́n máa ń gbọ́ láti ojúlé kejì sí ìkẹta, kò dún rárá. Eyín nìkan ni Àwẹ̀ró rí.

Nígbà tó pẹ́, Sìfáwù gbé kúlà kalẹ̀, ó juwọ́, ó sì lọ. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí kò lẹ́ni tó ń tì í wá gbé kúlà náà. “Oúnjẹ láti ọwọ́ ẹni tí a ń yọ,” Ìyakọ ṣàlàyé.

“Òlèlè mi!” ni Àwẹ̀ró wí. Nígbà tó yá ó tún wí jẹ́jẹ́ pé: “Ẹnu mi yìí náà. Gbogbo ohun tí mo ti ń fi í jẹ, òun ló wá yí padà jẹ mí.”

Ìró mẹ́ta. Òótọ́ ni pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìjà. Wọ́n jà lórí ẹni tí wọn yóò sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọládọ̀tun ọkọ wọn. Àwẹ̀ró ní ìyálé ni, Sìfáwù ní ìyálé ti gba apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì fún ọgbọ̀n ọdún, kó fi apá ọ̀tún sàréè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ti ìkejì ò jẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Sìfáwù ló mú ìròyìn wá pé Adéwùsì ò ní wálé lọ́dún yìí náà.

Adéwùsì lọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí. Sìfáwù ò bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni Adéwùsì gbé dàgbà. Òkè òkun lọmọ náà wà. Láti ọ̀hún ló ti fọwọ́ síwèé tí wọ́n fi gbé ìyá rẹ̀ wá sí àjà kọkànlá yìí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Òfin sì ni pé ọmọ inú ẹni nìkan ló lè fọwọ́ síwèé kí ẹni jáde. Àwẹ̀ró ti ránṣẹ́ sí i nígbà mẹ́fà. Ó dáhùn nígbà méjì. Ó ní kí Màmá sinmi.

Ìró kẹta, ti àná, ẹ̀ṣẹ̀ olóògbé ni.

Nígbà tí Ọládọ̀tun wà láyé, ó pín ọ̀sẹ̀ sí méjì fún ìyàwó méjèèjì. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ń rọ̀, tó jẹ́ pé Àwẹ̀ró ló ni ín, ọkùnrin náà yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sí yàrá Sìfáwù. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé báàfù ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló kì bọ̀ ọ́, gbàràmù! Ìyàwó méjèèjì gbé àtùpà yọ. Baálé ilé wà nínú omi ẹ̀gẹ́, ṣòkòtò lọ́wọ́, ojú ń ṣẹ́ pàkòpàkò. Ó ní, “Mo wá wò ó bóyá ó ti rọ̀ ni.”

Àwọn obìnrin wò ó láti òkè délẹ̀. Sìfáwù, ìyàwó àná, ló kọ́kọ́ lahùn. “Bàbá,” ó ní, “ó jọ pé ó ti rọ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni orogún méjèèjì ò ti lè bínú síra wọn fún wákàtí kan gbáko. Bí ìjà bá le tán, ọ̀kan á yọjú sí yàrá ìkejì, á ní, “Mo wá wò ó bóyá ó ti rọ̀ ni,” ìjà á sì parí síbẹ̀. Ohun tí Sìfáwù wí lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, tí ẹ̀rín fi gbé òkè Àwẹ̀ró dé ibi tí òfin ò fẹ́.

Ọjọ́rú kọjá. Ẹnikẹ́ni ò wá.

Àwẹ̀ró bá fèrèsé sọ̀rọ̀, ó bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bú bàtà òsì nítorí pé ó ṣáájú ti ọ̀tún. Lọ́sàn-án, láìrò ó, ó bu oúnjẹ sí àwo méjì.

“Àwo méjì lẹ gbé,” Ìyakọ wí. “Ẹnì kan ni yín.”

“O ṣeun. Mo ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé.”

Ó da àwo kejì padà sínú ìkòkò, kò sì lè jẹ ti àkọ́kọ́ tán.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga. Kò gbé ẹrù, kò gun àtẹ̀gùn, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ń rò ó ni. Ó rò ó pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí òun ti lò láyé, òun ò gbé ilé tí kò sí igbe rí. Ó tún rò ó pé bí òun bá kú sórí àga yìí, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Ògiri ni. Ibẹ̀ ni ìrònú dé tí àyà rẹ̀ fi fún, bí ìgbà tí èèyàn bá fi aṣọ tútù di nǹkan tó sì ń fún omi ara rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ẹ̀gbà fún un. Ìró dún.

Inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú kan, ó ṣebí àlejò ló wọlé. “Ta ló dé?”

“Òkè jẹ́ mẹ́talélọ́gọ́sàn-án,” Ìyakọ wí. “Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Kò sí ohun tí a lè yọ.”

Hóró oògùn kan já bọ́ látinú ògiri sínú abọ́. Ó gbé e mì. Ó gbà tó wákàtí méjì kí òkè tó sọ̀ kalẹ̀, kò sì sọ̀ dé ibi tó yẹ.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó sì fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan hàn án tí àwòrán ọkàn ń mí nínú rẹ̀.

“Tiyín nìyí, Màmá. Ẹ rí apá òsì yìí bó ṣe ki? Àwọn iṣan yín ti le, ọkàn sì ń fipá ti ẹ̀jẹ̀ gba inú wọn kọjá. Bí apá ẹni tó ń gúnyán lójoojúmọ́ ṣe ń ki, bẹ́ẹ̀ ló ń ki.”

“Apá ẹni tó ń gúnyán bá ki, wọ́n á ní ó lágbára.”

“Ti ọkàn yàtọ̀, Màmá. Bó bá ki jù, òun fúnra rẹ̀ kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó mu mọ́. Bí ìbínú tàbí ìbànújẹ́ bá wá dé, iṣan á tún fún pọ̀, ọkàn á máa sáré, ebi á sì máa pa á lórí iṣẹ́. Ìyẹn ló ń dùn yín láyà lórí ìjókòó.”

“Ẹ̀rín ńkọ́?”

“Ẹ̀rín náà ń gbé òkè sókè.”

“Mo gbà. Ta ló ń bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

Nọ́ọ̀sì tẹ nǹkan kan lójú ẹ̀rọ rẹ̀. “Òfin fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìdágbére. Orogún yín ti wà níta.”

Sìfáwù wọlé láìgbé nǹkan kan dání. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n lójú Àwẹ̀ró, ìyàwó ni. Wọ́n jókòó síwájú ara wọn. Wọ́n ti sọ fún àwọn méjèèjì pé wọn ò gbọdọ̀ jà, wọn ò gbọdọ̀ sunkún, ó sì dáa kí wọ́n má rẹ́rìn-ín.

“Ìyálé mi, ẹ má wò mí,” ni Sìfáwù wí.

“Ta ló ń wò ọ́?”

“Ẹ ń wò mí.”

“Gèlè rẹ ni mò ń wò. Ta ló wé e fún ọ, afẹ́fẹ́?”

Sìfáwù bu ètè jẹ. Ẹ̀gbà Àwẹ̀ró ti dé mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ò tíì sọ nǹkan gidi kan. Pípa tí wọ́n pa ẹnu mọ́ gan-an ló ń gbé e sókè.

“Ẹ jẹ́ n máa lọ,” ni Sìfáwù wí, omi ti lé sójú rẹ̀. “Ó sàn bẹ́ẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wí pé orogún ló pa yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí gbogbo àdúgbò ti ń retí láti ogójì ọdún nìyẹn?”

Àwẹ̀ró gbìyànjú. Ọlọ́run rí i pé ó gbìyànjú. Ó di imú, ó ti aṣọ bọnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wá ibòmíràn gbà, ó bọ́ sí gbangba pẹ̀lú ariwo tí ìyá àgbà ò gbọdọ̀ pa níwájú nọ́ọ̀sì. Ni Sìfáwù náà bá tú ẹ̀rín. Ìró dún lórí wọn. Márùndínláàádọ́wàá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi rọ̀, Sìfáwù wá gbé ọwọ́ ìyálé rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ náà, wọ́n sì dákẹ́.

Ẹ̀gbà fún un. Àádọ́jọ.

Wọ́n ṣì dákẹ́. Ó tún fún un. Méjìdínlógóje lórí mẹ́rinlélọ́gọ́rin.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. “Kò tíì kéré tó báyìí láti oṣù mẹ́ta,” ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi.”

“Kò sí àyè tí mo lè kọ ọ́ sí, Màmá. Orúkọ, ìró, ẹ̀rí ẹnu. Àyè mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọn ò bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìró.”

“Mo yí ẹ̀rí ẹnu mi padà.”

“Ẹ̀rí ẹnu kì í padà. Àwọn ọmọ kan ti ń fipá mú àwọn òbí wọn yí i padà, ni wọ́n fi sọ ọ́ dòfin. Ẹnu yín ni ilẹ̀kùn yìí gbà gbọ́ jù, Màmá. Bó jẹ́ gómìnà lẹ dárúkọ, á yọ ọ́ síta.”

“Bí mo bá wá bọ́ ẹ̀gbà yìí jù síbẹ̀ ńkọ́?”

“Ògiri ò ní mọ̀ yín mọ́. Kò ní fún yín lóògùn, ilẹ̀kùn ò sì ní ṣí. Bí ẹ bá ṣubú, kò sẹ́ni tí yóò wá.”

“Ẹ má bọ́ ọ o!” Sìfáwù ti dìde. “Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bọ́ ọ!” Ó fi ìdí gèlè bo ẹnu, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé bí òun bá wẹ̀yìn, òun ò ní lè lọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì tún kúnlẹ̀, ó jáde, ó sì ti ìta fi ọ̀já pupa èdìdì lẹ ilẹ̀kùn láti igun dé igun, lórí ojú gíláàsì. Kò lè wo ojú ìyá náà.

Kò ju wákàtí kan lọ tí ìró fi dún. “Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá,” Ìyakọ wí. “Kò sí ohun tí a lè yọ.”

Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ nínú etí. Ibi tí Sìfáwù ti ń fi àtàǹpàkò pa ọwọ́ rẹ̀ ló dì mú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ Sátidé, oògùn ọ̀sẹ̀ kan já bọ́ sínú abọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Àwẹ̀ró ń kà á, ọ̀rọ̀ Ìyakọ sì ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́kàn rẹ̀ bí orin tí èèyàn ò fẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí abọ́.

“Èmi ńkọ́?” ló wí.

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mi orí. Àgbàlagbà ni òun, ohun tó wà níwájú imú òun ni òun ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó da hóró oògùn méjèèje sí etí aṣọ rẹ̀, ó ta á ní kókó, ó wọ bàtà. Lẹ́yìn náà ló jókòó láti dúró de ìró kẹta.

Kò ní láti wá a kiri. Ó kàn gbójú sókè wo ọ̀já pupa tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó ronú kan ẹni tí ọ̀já náà dí mọ́ ìta. Ó ronú nípa ilé ọkọ wọn lódìkejì títì, níbi tí Sìfáwù ti ń da oúnjẹ èèyàn kan sínú àwo. Àyà rẹ̀ fún. Òógùn bò ó níwájú orí. Ẹ̀rù bà á, nítorí ti òní le ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe yìí, ara òun lòun fi ń ṣe é. Ẹ̀gbà fún un. Ìró dún.

“Méjìdínláàádọ́wàá,” Ìyakọ wí. “Kò sí ẹnikẹ́ni nínú…”

“Ó wà.” Àwẹ̀ró fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde. “Mo fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí ẹnu. Ṣé o ń gbọ́?”

“À ń gbọ́.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín, kò wúkọ́. Ó pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń pe álífábẹ́ẹ̀tì. “Àwẹ̀ró Ọládọ̀tun, àjà kọkànlá, yàrá kẹrìnlá, fẹ́ pa mí.”

Ìyakọ wá orúkọ náà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀yin ni Àwẹ̀ró Ọládọ̀tun.”

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àtinú oyún la ti jọ ń bọ̀, kò fún mi nísinmi rí. Ìró Ọjọ́bọ̀, ta ló wà lọ́dọ̀ mi?”

“Àwẹ̀ró Ọládọ̀tun.”

“Ti ọ̀sán àná?”

“Àwẹ̀ró Ọládọ̀tun.”

“Ti òní?”

“Àwẹ̀ró Ọládọ̀tun.”

“Ìró mẹ́ta, orúkọ kan, ẹ̀rí ẹnu. Ìyakọ, kí lòfin wí?”

Ohun kan ró kìrìkìrì nínú ògiri. Nígbà tí Ìyakọ tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti padà tutù bí omi àmù. “Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pa yín wà nínú yàrá. A ń yọ ọ́ jáde báyìí. Kò séwu.”

Ọ̀já pupa ya sí méjì. Ilẹ̀kùn ṣí.

Àwẹ̀ró jáde. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń padé lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Ìyakọ ń bá yàrá tó ṣófo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Ó ti lọ, Ìyá Àwẹ̀ró. Ẹ lè sinmi báyìí.”

Ọ̀nà àjà kọkànlá gùn, ó mọ́, kò sí ẹnì kan níbẹ̀. Lójú gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ojú arúgbó kan wà. Wọ́n rí i, ẹnu yà wọ́n. Ọ̀kan tọ́ka sí ọrùn ọwọ́: òkè yín ńkọ́? Àwẹ̀ró gbé ẹ̀gbà sókè. Òmíràn tọ́ka, òmíràn tọ́ka. Ó ń gbé ọwọ́ sókè, ó ń rìn kọjá, títí ó fi dé ìdí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè rodò. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un. “Ẹni tí a yọ,” ẹ̀rọ náà wí. “Ìsàlẹ̀.”

Oòrùn pa á lójú. Ọdún méjì nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ dúró fún un fúnra wọn, kò sí ẹni tí yóò bú u nínú wọn, ìyẹn gan-an sì dùn ún díẹ̀. Ó rìn dé agbedeméjì ọ̀nà, àyà tún há a. Ó jókòó sórí afárá gọ́tà. Ẹ̀gbà fún un, ó tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ògiri tó lè sọ fún. Bí òun bá ṣubú síbí, ẹ̀rọ kan á gbá òun mọ́ ewé ni. Oògùn ọjọ́ méje ló wà létí aṣọ òun. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, kò mọ̀.

Ó mí. Ó tún mí. Nígbà tí aṣọ tútù tó wà láyà rẹ̀ tú díẹ̀, ó dìde.

Ilẹ̀kùn ilé Ọládọ̀tun jẹ́ pákó lásán, kò lójú, kò létí, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ró fara tì í. Ó kàn án.

Ó tún kàn án.

“Ta nìyẹn?” Ohùn Sìfáwù nípọn, bí ti ẹni tó ti sunkún sùn. “Mo ní mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni lónìí!”

Àwẹ̀ró fi iwájú orí ti pákó náà. Èémí rẹ̀ ò tíì délẹ̀. Ó kó èyí tó kù jọ.

“Mo wá wò ó bóyá ó ti rọ̀ ni.”

Nǹkan kan já bọ́, ó fọ́, ohùn kan sì bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, Àwẹ̀ró ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó ń sáré bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbà fún un lọ́rùn ọwọ́. Kò wò ó.